Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́ àti Ẹranko Tó Ń Mí Ooru

Tó bá jẹ́ pé òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láyé yìí, kò sí ẹ̀dá alààyè tó gbọ́ràn tó Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́. Òǹtẹ̀ onígi kan wà lápò rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n gbẹ́ sí i nídìí: MO TI GBỌ́. Ẹni tó bá gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ wá síwájú rẹ̀ kò ní tíì sọ gbólóhùn kan délẹ̀ tí òǹtẹ̀ á fi balẹ̀ lórí ìwé rẹ̀, gbàm! Onítọ̀hún á kó ìwé rẹ̀, á dúpẹ́, á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́.

Ọkùnrin náà ga, ó sì sanra dé ìwọ̀n tó yẹ ọ̀gá. Fìlà rẹ̀ tóbi débi pé ó bo orí, ó bo ìdajì iwájú, ó tún bo etí méjèèjì. Àwọn kan ní òtútù ló fà á. Òtútù wà lóòótọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, àpótí gàgàrà tí wọ́n tì sínú ihò ògiri, ojú rẹ̀ wà nínú ilé, ìdí rẹ̀ wà níta. Ẹ̀rọ yìí kì í sinmi láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá wà lórí àga tàbí kò sí. Ó ní ọpọlọ ńlá dà bí ẹja, tí kò bá sí nínú òtútù, yóò bàjẹ́. Akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n yìí sórí páálí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ó má baà sọnù fún aráyé.

Ṣùgbọ́n ooru tí a bá lé kúrò ní yàrá kan, ibì kan náà ló ń lọ. Ìdí ẹ̀rọ yẹn kọjú sí fèrèsé kan ṣoṣo tí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi inú ọgbà náà ní. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta sí ọlọ́dún márùn-ún. Bí ọ̀gá ṣe ń tutù lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń làágùn níhìn-ín. Tó bá ti di agogo mẹ́wàá àárọ̀, olùkọ́ wọn, obìnrin onísùúrù kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, á kó wọn jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò ńlá tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti ń ka ABD, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn. Ẹ yọ igi yẹn kúrò, kíláàsì ti di ààrò nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí orí igi yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́tà dé láti òkè. Wọ́n fẹ́ yan Ọ̀gá Pátápátá tí yóò máa darí gbogbo ilé-ìwé ọmọ wẹ́wẹ́. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo ọ̀gá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Ohun méjì péré ni wọ́n fẹ́ mọ̀: báwo ni ọ̀gá náà ṣe gbọ́ èrò àwọn ọmọ nípa ibi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, àti pé kí ni ó ń ṣe kí ibẹ̀ lè wà ní dáadáa títí di ìgbà tí àwọn náà yóò dàgbà?

Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́ ka lẹ́tà náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

"Èrò ọmọ wẹ́wẹ́? Àwọn tó ṣì ń tọ̀ sára?"

"Ẹ bá mi bi wọ́n, sà," ni Akọ̀wé wí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Akọ̀wé yìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹrí ba fún ọ̀gá débi pé tó bá dúró ṣánṣán, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í dá a mọ̀.

"Ṣé èmi fúnra mi kò ti ṣe ọmọdé rí ni?"

"Ẹ ṣe é, sà. Ọmọdé tí ẹ ṣe yẹn, kò tíì sí irú ẹ̀ mọ́."

"Nítorí náà, mo mọ ohun tí ọmọdé ń rò. Mú gègé."

Akọ̀wé mú gègé, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohun tí àwọn ọmọ sọ fún un. Kò tíì rí ọmọ kankan o. Ó pè é títí ó fi di ìwé olójú-ewé ọgọ́ta. Nínú ìwé náà, ọmọ ọdún mẹ́ta kan sọ pé: "Inú mi dùn gidigidi sí Ìlànà Àmúdúró-Ṣinṣin Àyíká tí Ọ̀gá wa Àgbà fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé kalẹ̀." Ọmọ ọdún mẹ́rin kan sì fi kún un pé òun kì í lè sùn lóru nítorí ìmọrírì.

Ìmọrírì ọ̀hún nílò ohun tí ojú lè rí. Ọ̀gá ronú, ó sì mú ìpinnu méjì jáde. Èkíní: kí wọ́n gé igi máńgòrò, kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì oníke aláwọ̀ ewé sí gbogbo ẹ̀yìn kíláàsì. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ báyìí:

"Ẹ gbọ́ ìjìnlẹ̀! Igi ń wọ́wé, igi ń gbẹ, igi á kú lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ike? Ike kì í kú! Ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọdún, ó wà ńbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló dúró ṣinṣin jù?"

"Ike ni, sà!" ni gbogbo ilé dáhùn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ìpinnu kejì ni Àga Ìgbọ́ràn. Ó fẹ́ àga gíga kan, tí ó ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, kí ó lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ láti ibi tó bá ipò rẹ̀ mu. Bàbá Káfíńtà ló kan àga náà. Bàbá yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó lè bí ọ̀gá dáadáa, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni ọ̀gá ń pè é.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Káfíńtà fún yín díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ ọ̀gá dé ọwọ́ rẹ̀ pé kí ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan ti ẹnu ọ̀nà yàrá ìkówèésí. Bàbá wá bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọ̀gá, tí kọ́bọ́ọ̀dù bá dúró síbẹ̀, ibo làwọn èèyàn á máa gbà wọlé?" Ìbéèrè yìí dun ọ̀gá wọra. Ó dá bàbá dúró nílé fún oṣù kan, ó sì lẹ òfin tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ káfíńtà: ÌWÉ YÒÓWÙ TÍ ÒǸTẸ̀ MI BÁ WÀ LÓRÍ RẸ̀, IṢẸ́ NI KÍ Ẹ ṢE LÁÀÁRÍN ỌJỌ́ MÉJE. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ BI MÍ LÉÈRÈ. TÍ ÌWÉ MÉJÌ BÁ TA KO ARA WỌN, ÈYÍ TÍ MO TẸ̀ KẸ́YÌN NI KÍ Ẹ TẸ̀ LÉ. Láti ìgbà náà, kọ́bọ́ọ̀dù wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọ yàrá ìkówèésí, gbogbo nǹkan sì ń lọ dáadáa.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀. Ó kọ lẹ́tà, ó gbé e lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Abẹ́ igi yẹn nìkan ló kù fáwọn ọmọ yìí. Inú kíláàsì gbóná, wọn ò lè..."

Gbàm! MO TI GBỌ́.

"Ó ti tán?" ni Àǹtí bi í.

"Ó ti tán. Ẹ ò rí i bí mo ṣe yára gbọ́?"

Àǹtí jáde, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó fa lẹ́tà náà ya, àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ó pín pépà àti pẹ́ńsù aláwọ̀ fún wọn. Ó ní, "Ẹ ya ilé-ìwé yín fún mi. Ẹ ya ohun tó dùn mọ́ yín, ẹ ya èyí tí kò dùn mọ́ yín, kí ẹ sì ya ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣì wà níbí tí ẹ bá ti di ìyá àti bàbá." Àwọn ọmọ dojú bolẹ̀, wọ́n ń ya á fún ọjọ́ méjì gbáko.

Ọjọ́ Ìgbọ́ràn pé, ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbé Àga Ìgbọ́ràn sáàárín gbọ̀ngàn. Ọ̀gá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó jókòó. Láti òkè níbẹ̀, àtàrí àwọn ọmọ ló ń rí. Ayàwòrán wà nílẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀, Akọ̀wé sì kéde pé:

"Kíyè sí i! Etí tó gbọ́ ti ọlọ́lá, tó gbọ́ ti mẹ̀kúnnù, etí tí ń gbọ́ kí ẹnu tó là, ó ti ṣí fún yín lónìí, ẹ̀yin ọmọ olóríire!"

Ọmọ àkọ́kọ́ nawọ́ àwòrán rẹ̀ sókè. Gbàm! Èkejì. Gbàm! Ìkẹta fẹ́ ṣàlàyé pé ohun pupa tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn ni èèrà. Gbàm! Ìṣẹ́jú méjìlá kò tíì pé tí ọmọ méjìlélógójì ti sọ èrò ọkàn wọn tán. Kò kù ju ẹyọ kan lọ.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan ni, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, Ìyá Ìbéèrè sì ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Ó gbé àwòrán tirẹ̀ lọ́wọ́, kò nà án sókè. Ó ní kí ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó.

Ọ̀gá fẹ́ bínú, àmọ́ kámẹ́rà ń wò ó. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn.

"Kí lo yà, ọmọ mi?"

"Ẹranko ni, sà. Ó ń mí ooru sí wa lójú. Ó máa ń kùn, hùn-ùn-ùn. Kì í sùn."

"Ẹ wo ọgbọ́n inú! Kìnnìún ni, àbí?"

"Rárá, sà. Tiyín ni."

"Tèmi! Ẹ gbọ́! Ó fi kìnnìún ta mí lọ́rẹ!" Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. "Kí lo wá fẹ́ ká ṣe fún kìnnìún ọ̀hún?"

"Kẹ́ ẹ yí i padà, sà. Kó kọjú sí wa, kó kọ̀dí sí ẹni tó ni ín."

"Ó mà ga o! Ó jinlẹ̀!" Ọ̀gá kò mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ amúlétutù òun ni ọmọ ń wí. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Kò dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì rẹ̀ rí. Ó gba pépà, gbàm!

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni Àmúdúró-Ṣinṣin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wí?"

Ọ̀gá húkọ́. "Àmúdúró-Ṣinṣin ni ìlànà alágbékalẹ̀ tí a fi ń ṣe àmójútó ìdúróṣinṣin àmúdúró, ní ìbámu pẹ̀lú, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà."

Ọmọ náà ronú síwájú, ó ronú sẹ́yìn. "Ṣé kẹ́ ẹ má lò ó tán kó tó kàn wá ni?"

Gbàm! Ọ̀gá tún fi òǹtẹ̀ lu pépà náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú, ó sọ fún Akọ̀wé pé, "Kó àwọn pálapàla yìí síbi tó yẹ wọ́n." Ilẹ̀ kò ṣú tí ó fi gbéra lọ sí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Wọ́n pè é kó wá kọ́ àwọn ọ̀gá mìíràn ní Bí A Ṣe Ń Tẹ́tí Sílẹ̀.

Akọ̀wé gbé àwòrán mẹ́tàlélógójì dání, ó dúró. Ibo ló yẹ wọ́n? Tó bá bèèrè, ó lè lo oṣù kan nílé. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó rí òǹtẹ̀ lórí gbogbo wọn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀, ìsọ̀ káfíńtà ló ń lọ. Ó kó wọn dà sórí tábìlì Bàbá Káfíńtà, lórí ìwé tó ní kí wọ́n gé igi, tí ọ̀gá ti tẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wo àwòrán àkọ́kọ́, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún wò ó. Ó ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ilé láyé rẹ̀, kò rí irú èyí rí. Kò gbọ́dọ̀ bi ọ̀gá. Ó ka òfin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ìka tọ́ ọ láti orí dé ìdí. Kò rí ibi tí wọ́n ti ní kí ó má bi àwọn ọmọ.

Ló bá mú téèpù ìwọnlẹ̀ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ lábẹ́ igi. Ó lóṣòó, orúnkún rẹ̀ ń ké kèrékèré.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ta ló ni èyí?"

"Èmi ni!"

"Kí ló dé tí o fi ya ojú sísàlẹ̀ ògiri?"

"Fèrèsé ni, Bàbá. Èyí tó wà ńbẹ̀ ga jù. Àwọsánmà nìkan là ń rí."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó ga tó?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ ṣe ìwọ̀n níwájú imú ara rẹ̀. Bàbá ta téèpù, ó wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé imú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi òjò tó ń ṣàn dànù láti orí òrùlé, wọ́n fẹ́ kí ó máa wọ inú àgbá, kí wọ́n lè fi bomi rin òdòdó. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló ya igi máńgòrò, ìyá àti bàbá tó ti hewú sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bàbá bi ọ̀kan nínú wọn pé ta ni arúgbó tó wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní, "Èmi ni. Mo ti darúgbó, igi ṣì wà." Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ọmọ mẹ́rin tó ti yọjú wo Àga Ìgbọ́ràn ní ìsọ̀ káfíńtà sì yà á láìsí ẹsẹ̀, wọ́n ní ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò lè gbọ́ wọn, ó jìnnà jù.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ yẹn, ó ní ọ́fíìsì mẹ́rìndínlógún, ó ní ọ̀mọ̀wé, ó ní akọ̀wé, ó ní olùdámọ̀ràn pàtàkì. Káfíńtà tó ń wá ìwọ̀n nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.

"Bàbá," ni Àǹtí wí, "ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí? Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀. Èyí tó ní kí n gé igi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwọn tó ní kí n má gé e, Ọjọ́bọ̀ ni. Èyí tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn ni mò ń tẹ̀ lé."

Fún ọjọ́ márùn-ún, ìró òòlù àti ayùn kò dáwọ́ dúró nínú ọgbà náà.

Ọjọ́ kọkànlá pé. Láti ojú ọ̀nà àjò ni Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́ ti bá àwọn ìgbìmọ̀ pàdé lẹ́nu géètì, kò sí àyè láti wọlé kọ́kọ́ yẹ ilé wò. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Olórí wọn, Ìyá Alága, jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kó tó fẹ̀yìn tì. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì.

"Mo kí yín káàbọ̀ sí orísun ìgbọ́ràn! Mo jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo fi ojú mi méjèèjì wo gbogbo àwòrán wọn, mo fi omijé rin ín. Ohunkóhun tí ẹ bá rí nínú ọgbà yìí, àwọn ọmọ ló wí i, èmi ni mo gbọ́ ọ, èmi ni mo pàṣẹ ẹ̀!"

"Ẹ fọwọ́ sí i?" ni Ìyá Alága bèèrè.

Ó fọwọ́ sí i, ó tún fi òǹtẹ̀ lé e. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àwọn ọmọ ni Ìyá Alága ní kó mú wọn yí ọgbà ká, Ìyá Ìbéèrè sì lọ síwájú. Wọ́n yí dé ẹ̀yìn kíláàsì, ọ̀gá sì dúró sójú kan. Igi máńgòrò wà lórí ìdúró! Wọ́n ti kan bẹ́ǹṣì kékeré yí ìdí rẹ̀ ká. Kápẹ́ẹ̀tì oníke wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ewúrẹ́ kan sùn lé e.

"Igi yìí mà dára o," ni Ìyá Alága wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀?"

Ọ̀gá wo igi, ó wo ìwé kékeré náà.

"Èmi... èmi ni. Ìfẹ́ igi ti wà lára mi láti kékeré."

Lẹ́yìn wọn, Akọ̀wé rọra ń fa ojú-ewé tó wà fún kápẹ́ẹ̀tì ya kúrò nínú ìwé olójú-ewé ọgọ́ta. Wọ́n dé ibi fèrèsé tuntun tó wà nísàlẹ̀, ọ̀gá ní òun ni. Wọ́n dé ìdí àgbá omi òjò, ó ní òun lálàá rẹ̀ ni. Bí ìyìn ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń yá sí i. Ó wá ku Àga Ìgbọ́ràn. Ọ̀gá kọ̀yìn sí i, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ó ṣe mọ ibi gíga rẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀, bìì! Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀, fìlà yọ́ bò ó lójú. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ.

"Ìrẹ̀lẹ̀ ni!" ni ó pariwo láti abẹ́ fìlà. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e!"

Ìyá Alága kọ nǹkan sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ọkùnrin yìí ì bá ti di Ọ̀gá Pátápátá, èmi náà ì bá sì wà níbi tí mo ti ń kì í lónìí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti tọ́jú ìpanu sí ọ́fíìsì òun, níbi tó tutù.

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ooru tó jáde níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò fà sẹ́yìn. Àpótí ẹ̀rọ amúlétutù ti yí padà nínú ihò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà níta, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí fèrèsé àwọn ọmọ. Ìdí rẹ̀ wà nínú ilé, ó kọ ọ́ sí àga ọ̀gá gan-an, ó ń kùn hùn-ùn-ùn, ó ń tu ooru. Ó ti ń tu ú bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á. Àkàrà òyìnbó ìṣẹ́gun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ti yọ́ di ẹrẹ̀. Fọ́tò ọ̀gá ti ká kò lára ògiri, páálí tó sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ àti ẹja sì ti já bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá gbàgbé ibi tó wà. "Ẹranko wo ló ṣe èyí?"

"Ẹranko yín ni, sà," ni Ìyá Ìbéèrè dáhùn jẹ́jẹ́. "Ó ti kọ̀dí sí yín."

"Káfíńtà! Níbo ni arúgbó yẹn wà? Ìwọ! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Bàbá Káfíńtà ti wà lẹ́yìn wọn. Ó yọ pépà kan lápò, òǹtẹ̀ méjì wà lórí ẹ̀.

"Iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán mi ni mo jẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tẹ èyí. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó ká yín lára gan-an."

Òógùn ti bo ọ̀gá lójú, fìlà ti lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó já pépà náà gbà, ó gbé e sókè. "Ìdọ̀tí yìí? Mi ò wò ó! Mi ò wo ìkankan nínú wọn! Ta ló ń wo àwòrán ọmọdé? Ta ló ń gbọ́ tiwọn?"

Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń wò ó, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Alága ṣí ojú-ewé tuntun nínú ìwé kékeré rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kí n lè kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́."

Ọ̀gá wo Akọ̀wé pé kó gba òun. Akọ̀wé ti nàró ṣánṣán, ó dúró sẹ́yìn Ìyá Alága, ó ń bá a gbé àpò.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí lẹ́tà fi dé pé kí ó kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n gba òǹtẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí fèrèsé ìsàlẹ̀ àti igi ti tó kíláàsì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ dà bí ẹja mọ́. Lọ́jọ́ tó ń kẹ́rù, kò sí òṣìṣẹ́ kan tó yọjú sí i. Yàrá kejì ni Akọ̀wé wà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ọ̀gá tuntun sórí páálí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé. Ìyá Ìbéèrè ni, ó gbé pépà lọ́wọ́. Ó ní òun yà á fún un pé ó dàbọ̀.

Ọwọ́ ọkùnrin náà lọ sápò fúnra rẹ̀. Kò sí òǹtẹ̀ níbẹ̀. Ó wá dúró pẹ̀lú àwòrán lọ́wọ́, kò sí ohun tó kù tó lè fi ṣe ju pé kó wò ó lọ. Ó jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀, ó wò ó. Ọkùnrin gíga kan ló wà níbẹ̀, fìlà wà lórí ẹ̀, ẹnu rẹ̀ tóbi bí géètì, ọwọ́ rẹ̀ mú òǹtẹ̀.

"Etí ń kọ́?" ni ó bi ọmọ náà. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé-iṣẹ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi ọmọdé láìsí kámẹ́rà nìyẹn.

"Mi ò rí i rí, sà. Fìlà ló bò ó."

Ó bọ́ fìlà. Orí rẹ̀ kéré ju bí gbogbo wa ṣe rò lọ. Ìyá Ìbéèrè yí i ká, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú pẹ́ńsù lápò, ó tẹ́ pépà sórí orúnkún ọkùnrin náà. Ó ya etí kan sí ọ̀tún, ó ya ọ̀kan sí òsì, wọn kò ju ẹ̀wà lọ.

"Kí ló dé tí wọ́n fi kéré báyìí?"

"Torí tuntun ni, sà," ni ọmọ náà wí. "Tẹ́ ẹ bá ń lò ó, màá fi kún un."